Abówáyà Bàbá Mi àti Iná Bọ̀ọ̀dá Múfú

Òórùn ló máa ń jí mi nílé wa ní Addo, ní Àjáh, kí ilẹ̀ tó mọ́, kí àkùkọ ilé kejì tó kọ. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ládùúgbò yẹn mọ òórùn tí mò ń wí: òórùn wáyà tó ń jóná. Kò jọ ti igi, kò jọ ti kẹrosíìnì. Ó máa ń dùn díẹ̀ nímú níbẹ̀rẹ̀, bíi ṣúgà tó jóná mọ́ ìdí ìkòkò, kó tó wá di nǹkan kíkan tó ń ta ni lọ́nà ọ̀fun. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́ kan, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, mo gbóòórùn yẹn, mo lajú, mo sì rí ìyá mi létí bẹ́ẹ̀dì. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀, bí ẹni tó ń fa omi nínú kànga tó jìn. Kò sọ̀rọ̀. Ẹni tó ní ikọ́ fée kì í fi èémí ṣòfò lórí ọ̀rọ̀. Ó kàn na ìka sí fèrèsé. Mo sáré tì í. Bàbá mi ń wá ìńhélà kiri lórí ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi, láàárín òwú àti àjákù aṣọ àwọn oníbàárà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, nítorí mi ò fẹ́ràn ẹ̀sùn tí kò ní ìwọ̀n. Láti fèrèsé wa dé ibi tí wọ́n ti ń sun wáyà, ìṣísẹ̀ mọ́kàndínlógún ni. Mo fi ẹsẹ̀ ara mi wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Onílé wa ló fi ẹ̀yìnkùlé yẹn háyà fún wọn lẹ́yìn tó ti gba owó ilé lọ́wọ́ wa, tó sì mọ̀ dájú pé ìyá mi ò lè fa èéfín símú. Ẹ̀sùn kìíní nìyẹn. Ẹ̀kejì ni ti àwọn tó ń di òkú tẹlifíṣàn mọ́ ààyè nínú kọntéénà, tí wọ́n ń kó wọn gba orí òkun wá bá wa, tí wọ́n ń pe gbogbo rẹ̀ ní tòkunbọ̀, bí ẹni pé òkú máa ń jí tó bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi. Àwọn ará ilé olókè ní Lẹ́kkí náà wà níbẹ̀: àwọn ló ń ju fíríìjì nù, àwọn náà ló tún ń fajú ro sí èéfín wa nínú mọ́tò tí wọ́n ti gíláàsì rẹ̀ pa. Mo ní ìwé eléwé ogójì kan tí mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sí, irú èyí tó máa ń ní tábìlì ìṣirò lẹ́yìn. Orúkọ tí mo sì kọ tóbi jù lọ níbẹ̀ ni ti Bọ̀ọ̀dá Múfú.

Bọ̀ọ̀dá Múfú ló ni iná yẹn. Ọmọ Ìwó ni, ó ga, ó gbẹ, fìlà rẹ̀ funfun nígbà kan rí kí èéfín tó sọ ọ́ di aláwọ̀ tíì. Wáyà tó bá rà lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri àdúgbò ló máa ń tiná bọ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí rọ́bà ara wáyà lè jó, kó lè ṣa bàbà inú rẹ̀ tà. Àwa ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ó máa ń yọ mágínẹ́ẹ̀tì ìdí sípíkà fún wa. Èmi náà gba mágínẹ́ẹ̀tì mẹ́rin lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dúpẹ́, mo wọlé, mo sì fi kún ẹ̀sùn rẹ̀.

Bàbá mi ní tirẹ̀, Ìkìrun ló ti wá sí Èkó, rédíò ló sì ń tún ṣe. Bàbá Rédíò ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Nígbà tó yá, ohun tí àwọn èèyàn ń gbé wá kì í ṣe èyí tó ṣeé tún ṣe mọ́. Òkú ni. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi òòlù fọ́ irú wọn, kí wọ́n lè yára ṣa èyí tó níye lórí. Bàbá mi kì í fọ́ nǹkan. Ó máa ń tú u ni, bí ẹni ń tú irun orí ọmọ. "Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ó máa ń wí bẹ́ẹ̀ láìgbójú sókè, "ohun tí a fagbára mú ní í le koko bí ojú ẹja." Àwọn tó ṣe tẹlifíṣàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo nọ́ọ̀tì wẹ́wẹ́ kan nígbà náà, tí orí rẹ̀ rí bí ìràwọ̀, tí kò sí irinṣẹ́ rẹ̀ lọ́jà. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, kí irú wa má baà ṣí i. Bàbá mi á yọ́ ìdí ike bírò lórí àbẹ́là, á tẹ̀ ẹ́ mọ́ orí nọ́ọ̀tì náà, á fẹ́ atẹ́gùn sí i títí yóò fi le. Ike á ti gba ìrísí ìràwọ̀. Á yí i wẹ́rẹ́, nọ́ọ̀tì á jáde, á sì jù ú sínú agolo mílíìkì tó jẹ́ tirẹ̀. Òórùn bírò tó yọ́ yẹn, mo lè dá a mọ̀ títí dòní láàárín ọgọ́rùn-ún òórùn.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti ọwọ́ mi náà, torí ó wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Ọlọ́wọ́ òsì ni mí. Ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ nígbà tiwa. Bí mo bá fi òsì gba àkàrà, ìyá mi á fà á sẹ́yìn: "Ọ̀tún dà?" Ìyẹn ò dùn mí, nítorí ìyá mi kan náà, bó bá ń fọwọ́ mi lẹ́yìn oúnjẹ, á máa wí pé ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Ẹni tó dùn mí ni tíṣà kan níléèwé wa tó gbá mi ní rúlà mẹ́fà léegun ìka, ní ọjọ́ Wẹsidé kan, nítorí pé mo fi òsì fún un ní ìwé. Mẹ́fà ni. Mo kà á.

Ní òwúrọ̀ ọyẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí sí, nígbà tí èémí ìyá mi padà sípò, bàbá mi wọ sálúbàtà, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Mo tẹ̀lé e. Mo rò pé ìjà ni, mo ti mú pẹ́ńsù àti ìwé ẹ̀sùn mi dání.

"Múfú," bàbá mi wí, "ìyàwó mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ láàárọ̀ yìí."

Bọ̀ọ̀dá Múfú ṣí fìlà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí i. Ṣùgbọ́n kí ni kí n wá ṣe? Iná yìí ni mo fi ń bọ́ ọmọ mẹ́rin. Tí mo bá tiná bọ àpò wáyà kan, kí n tó kí ìrun Aláàsárì tán, rọ́bà ti jó, bàbà ti wà nílẹ̀. Tí mo bá ní kí n máa fi ọ̀bẹ bó o, màá bó o di ọdún Iléyá."

"Tí mo bá rí nǹkan tó yá bí iná ńkọ́?"

"Ẹ gbé e wá, Ẹ̀gbọ́n. Àpò kan ṣoṣo. Tí ẹ bá fi bó o tán kí n tó sàlámà parí ìrun, mi ò ní dáná níbí mọ́ láéláé."

"O sọ ọ́ lójú àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ o."

"Mo sọ ọ́. Ọlọ́run náà ń gbọ́."

Gbogbo ọyẹ́ yẹn ni bàbá mi fi ṣe nǹkan náà. Pákó ara tẹlifíṣàn àtijọ́ ló fi ṣe ìdí rẹ̀, irú tẹlifíṣàn tó ní ilẹ̀kùn méjì bíi kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ rántí wọn. Ó lu ihò sí i, ńlá, kékeré àti èyí tó wà láàárín, nítorí wáyà ò tóbi dọ́gba. Ó gé abẹ ayùn irin, ó dè é mọ́ ẹnu ihò kọ̀ọ̀kan, ó wá fi sípíríìnì ilẹ̀kùn rédíò kásẹ́ẹ̀tì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó lè máa fún wáyà tó sanra láyè. Tí a bá ti wáyà bọ ihò, tí a sì fà á jáde lódìkejì, abẹ á la rọ́bà, rọ́bà á ṣí kúrò lára bàbà bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n. Ìyá mi ló sọ ọ́ lórúkọ. Ó wò ó títí, ó ní, "Abówáyà." Ó rẹ́rìn-ín débi pé bàbá mi ní kó rọra, kó má lọ rẹ́rìn-ín gba ara rẹ̀ léèémí.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò, ìtìjú ló bá wa. Àwọn ọmọ iṣẹ́ Bọ̀ọ̀dá Múfú da àpò wáyà méjì tó dọ́gba sílẹ̀. Ó ṣe àlùwàlá, ó tiná bọ tirẹ̀, ó tẹ́ ẹní sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó kọjú sí Kíbúlà. Bàbá mi ń fi ọ̀tún ti wáyà bọ ihò, ó ń nawọ́ kọjá pákó lọ fà á, ó tún ń padà wá mú òmíràn. Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá Múfú yíjú sọ́tùn-ún, tó yíjú sósì, àpò náà ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ kún bó ṣe wà. Eérú tirẹ̀ ṣì ń pọ́n, ó ń rú èéfín, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ kan bàbà inú rẹ̀.

"Bàbá Rédíò," ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ náà wí, "ṣé ká bá yín gbé ìrọ̀rí wá? Ó jọ pé ibí lẹ máa sùn o."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Bọ̀ọ̀dá Múfú dìde lórí ẹní. "Panu ẹ mọ́! Ta ló ṣe irú ẹ̀ rí nílé bàbá tìẹ?"

Mo kọ ẹ̀rín wọn sínú ìwé mi. Mi ò kọ ohun tí Bọ̀ọ̀dá Múfú sọ.

Fún ọjọ́ méjì, abẹ ni bàbá mi ń pọ́n. Ní ọjọ́ kẹta ó ń ti wáyà bọ ihò, ó ń ṣàyẹ̀wò abẹ, èmi dúró ní ìdojúkọ rẹ̀. Orí wáyà yọ sí mi. Mi ò ronú, mo fi òsì gbá a mú, mo fà á, ó sì bó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbọọrọ. Ni mo bá rántí ara mi. Mo yára gbé òsì pa mọ́ sẹ́yìn, mo fi ọ̀tún mú èyí tó tẹ̀lé e. Ó wọ́, ó há.

Bàbá mi dáwọ́ dúró. "Òsì dà?"

Mo tún tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn mi sí i.

"Gbé e wá. Òsì ni mo fẹ́."

Nítorí a kọjú síra wa, ọ̀tún tirẹ̀ àti òsì tèmi wà lórí ìlà kan náà, bí èèyàn àti òjìji rẹ̀ nínú dígí. Ó mú ọwọ́ náà, ó rí àmì rúlà léegun ìka mi, ó wò ó pẹ́. Ó bu òrí, ó fi pa á. Ní ọjọ́ kejì ó bá mi dé iléèwé. Mi ò mọ ohun tó bá tíṣà sọ ní ẹ̀yìn kíláàsì, ṣùgbọ́n tíṣà ò fọwọ́ kan òsì mi mọ́. Kò sí ẹni tó tíì bèèrè ọwọ́ yẹn lọ́wọ́ mi rí. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń gbé e kiri bí ẹrù ẹlẹ́rù.

Ọjọ́ Sátidé kan la padà lọ. Ìyá mi fi dandan lé e pé òun náà á wá. Ó gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi gèlè bo imú, ìńhélà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Múfú wò ó, ó fi orúkọ mi kí i, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Àbíkẹ́," ó sì tiná bọ wáyà. Ó tẹ́ ẹní. Bàbá mi ń tì, èmi ń fà. Tì, fà. Àtẹ́lẹwọ́ mi gbóná, ó ta, mi ò jẹ́ kó hàn lójú mi. Mo gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan, Bọ̀ọ̀dá Múfú ti forí kanlẹ̀, èèrà kan sì ń gun gìgísẹ̀ rẹ̀. Ó ku bí ìdá kan nínú mẹ́ta àpò. Mo tún gbójú sókè nígbà tó ku bí ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta. Iwájú orí rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, èèrà ti dé itan. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín mọ́. Tì, fà. Nígbà tí mo fa èyí tó kẹ́yìn, bàbá mi gbá pákó lẹ́ẹ̀kan, kòó.

Bọ̀ọ̀dá Múfú gbórí sókè. Ó jókòó, ó yíjú sọ́tùn-ún, ó yíjú sósì. "Ẹ ti ṣe é tán?" ó wí, bí ẹni tí ẹnu yà.

Mo fò dé ìdí eérú rẹ̀. Mo bu bàbà inú rẹ̀ ní ẹ̀kúnwọ́ kan, mo gbé e sókè kí gbogbo ayé lè rí i pé èyí tó fi iná bó náà nìyí, a sì ti borí rẹ̀. Bàbà náà tutù lọ́wọ́ mi bí omi àmù.

Bọ̀ọ̀dá Múfú ò yẹ àdéhùn. Iyanrìn ló fi bo ojú iná yẹn lọ́jọ́ náà gan-an. Bàbá mi ṣe abówáyà fún un, ó tún ṣe fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ìdí iṣẹ́ náà ni ẹni tó fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ti di ọ̀gá ara rẹ̀. Ìyá mi ṣí fèrèsé, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sídìí rẹ̀. Ikọ́ náà kò lọ pátápátá, èéfín pọ̀ ní Àjáh, ṣùgbọ́n mi ò tún rí i kó jókòó bẹ́ẹ̀ létí bẹ́ẹ̀dì mọ́. Mo fa ìlà pa orúkọ Bọ̀ọ̀dá Múfú nínú ìwé mi. Mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: "Mo ti ṣẹ́gun rẹ̀."

Èrò yẹn ni mo gbé wọ yunifásítì, tí mo fi kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Òun ni mo gbé lọ́kàn nígbà tí olùkọ́ kan sọ níwájú gbogbo kíláàsì pé ìpinnu mi láti máa ṣe irinṣẹ́ ìtúpalẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ, iṣẹ́ àwọn tó ń ṣa ààtàn ni. Ìwé ẹ̀sùn mi ti pọ̀ sí i. Ní ọ́fíìsì wa ní Lẹ́kkí Phase 1 lónìí, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń tú fóònù, fíríìjì àti bátìrì láìfọ́ wọn, láìsun wọ́n, ni mò ń ṣe. Àwọn tó ń ṣe fóònù ti kọjá nọ́ọ̀tì ìràwọ̀, gọ́ọ̀mù ni wọ́n ń dà sí i báyìí, kí ẹnikẹ́ni má lè ṣí i láé. Lẹ́tà mẹ́tàdínlógún ni mo ti kọ sí wọn. Èsì méjì ni mo rí gbà, méjèèjì sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo jẹ́ oníbàárà wọn àtàtà.

Lẹ́yìn tí bàbá mi kú, abówáyà àkọ́kọ́ yẹn ni mo mú nínú ẹrù rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, mo fẹ́ mọ bó ṣe yá tó, kí n lè fi wọn èyí tuntun tí mò ń ṣe. Mo pààrọ̀ abẹ rẹ̀, mo wá irú àpò wáyà kan náà, ẹnì kan nínú àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń tì, èmi ń fi òsì fà. A ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì ń wo aago. Èyí tó yá jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èèyàn á ti kí ìrun Aláàsárì lẹ́ẹ̀mẹrin, kò ní kánjú. Mo ní agbára ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ. Mo jókòó ti pákó náà. Èèrà ni mo kọ́kọ́ rántí. Lẹ́yìn náà ni mo rántí bàbà tó tutù.

Bọ̀ọ̀dá Múfú ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin báyìí, lẹ́bàá Thomas Estate. Ó ti darúgbó, tẹ̀sùbáà ò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Mo lọ bá a níbẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan."

"Bi mí, Ẹńjiníà."

"Ìrun Aláàsárì ọjọ́ yẹn. Ẹ pẹ́ nílẹ̀."

"Ta ló ní kó o máa ka ìrun onírun?"

"Bàbà yín ti tutù. Ọwọ́ mi ni mo fi bù ú."

Ó rẹ́rìn-ín títí tí ikọ́ fi gbé e. "Ọmọ yìí! Láti kékeré lo ti ń ṣe bí ọlọ́pàá. Mo forí kanlẹ̀, mo ní kí Ọlọ́run fún ìyá ẹ ní èémí. Mo wá rí i pé ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá a sọ pọ̀. Ó kàn pẹ́ díẹ̀ ni."

"Ẹ ò bá kúkú ti pa iná náà láìsí ìdíje."

"Kí n wá wí fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé kí ni? Pé àánú ló ṣe mí? Wọn ì bá gba ẹ̀yìn mi, kí wọ́n lọ dáná sí ibòmíràn. Ojú ara wọn ló yẹ kó rí i pé irinṣẹ́ borí iná."

"Ṣé bàbá mi mọ̀?"

"Bàbá ẹ kì í ṣe òpè. Ọjọ́ tó gbé abówáyà tèmi wá, kò sọ nǹkan míì. Ó ní, 'Múfú, o ṣeun fún ìrun ọjọ́ yẹn.'"

Mo dé ọ̀dọ̀ ìyá mi, mo rò ó fún un bí ìròyìn ńlá. Kò gbójú kúrò lára aṣọ tó ń rán. "Ṣebí èmi náà ń wo èèrà yẹn," ó ní.

Gbogbo wọn ló mọ̀, àfi èmi tí mò ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn rò pé ọwọ́ òsì òun ló lé iná lọ. Mi ò ní gba ìgbàgbọ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló gbé mi dé ibi tí mo dé. Ṣùgbọ́n mo ti wá ìwé eléwé ogójì náà rí. Mo pa "mo ti ṣẹ́gun rẹ̀" rẹ́, mo kọ ohun tí Bọ̀ọ̀dá Múfú sọ fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ ìtìjú wa síbẹ̀. Lẹ́yìn náà mo padà sídìí abówáyà tuntun tó wà lórí tábìlì mi. Ó ti yá ju ti bàbá mi lọ dáadáa, kò tíì yá tó iná. Mo ṣì máa ń fi imú wá òórùn yẹn láàárọ̀ kí n tó lajú, mo sì máa ń rí i, láti ibi tí mi ò mọ ẹni tó ń dáná. Mi ò lè sinmi. Kì í ṣe gbogbo adáná ló máa forí kanlẹ̀ pẹ́ bẹ́ẹ̀ nítorí ìyá ẹlòmíràn.